Orúkọ Moyọ̀sọ́rẹ Nínú Eré Káàdì

Àwọn kan ní Ìkẹ́rẹ́ ṣì ń sọ pé Bámidélé Fálẹ́yẹ ta tẹ́tẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oko bàbá rẹ̀ tì. Kò sí òtítọ́ kankan nínú gbólóhùn náà. Kì í ṣe tẹ́tẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fi owó lé e, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ owó níbẹ̀. Kò pa oko tì pẹ̀lú: ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ebè tí òun àti bàbá rẹ̀ kọ kò dín sí ti ọdún tó ṣáájú, àwọn tí oko wọn bá tiwọn pààlà lè jẹ́rìí sí i. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri rí i tó jókòó níwájú ẹ̀rọ, wọ́n rí àwòrán káàdì, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn parí ìyókù. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyí.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Adó tó di olú-ìlú ń fẹ̀ sí i, àwọn ilé íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní káfè sì ti bẹ̀rẹ̀ sí yọjú káàkiri. Ìkẹ́rẹ́ náà ní tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeremiah ló ni èyí tó wà lójú ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́: yàrá gígùn kan, kọ̀ǹpútà tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ ibẹ̀. Wọ́n ń wo èsì ìdánwò, wọ́n ń kọ̀wé sí àwọn ará wọn tó wà lókè òkun, àwọn díẹ̀ sì ń ta káàdì.

Moyọ̀sọ́rẹ, àbúrò Bámidélé, wà lára àwọn díẹ̀ yìí. Ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bámidélé ní tirẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìsẹ̀, ó sì padà sí aba bàbá wọn, nítorí pé ìyá wọn ti kú, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò bá bàbá náà tọ́jú kòkó àti iṣu. Ẹni tó bá ń lọ sí aba náà yóò sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn wọnú igbó. Ní ọjọ́ ọjà, Bámidélé a máa gbé iṣu àti gàrí lọ fún àbúrò rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Bí kò bá bá a ní yàrá, ó mọ̀ pé káfè ni yóò ti rí i. Ibẹ̀ ló ti ń jókòó tì í, tó ń wo bó ṣe ń ta, títí òun náà fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìdánwò bá dé, Bámidélé ni Moyọ̀sọ́rẹ ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń wọlé fún, kí ó lè bá a di àyè rẹ̀ mú.

Eré náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń bú u kò fìgbà kan béèrè. Àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ìlú ló ń ta á pa pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìrí ojú ara wọn. Oníkálukú ní orúkọ, ó sì ní àwọn káàdì tó ti kó jọ. Gbogbo orúkọ náà wà lójú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, eré náà yóò gbé iṣẹ́ kan lé orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Orúkọ tí kò bá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí sáà tó parí, wọn yóò pa á rẹ́, wọn yóò sì pín káàdì rẹ̀ fún àwọn tó kù.

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé dá ṣe. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ pe ẹlòmíràn láti wá bá a ta á dé òpin. Ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ kò ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, oníṣẹ́ nìkan ni wọn yóò kà á sí fún. Orúkọ kan kò sì lè ràn ju ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ní sáà kan. Lẹ́yìn èyí, eré náà kò gbà kí àwọn tó wà nínú káfè kan náà ran ara wọn lọ́wọ́. Ó kà wọ́n sí ará ilé kan, kí ènìyàn kan má baà fi orúkọ méjì ṣe màgòmágó. Àjèjì nìkan ló kù tí ènìyàn lè wá. O ó bá a ṣe tirẹ̀, òun náà yóò bá ọ ṣe tìrẹ. Ohun tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì kò ju àdéhùn lọ. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ lè dìde kó máa lọ, kò sì sí ibi tí ìwọ yóò ti wá a rí.

Moyọ̀sọ́rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣọ́ra ṣe é. Kò ní bá àjèjì kankan bẹ̀rẹ̀ àfi bí àwọn méjèèjì bá kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn han ara wọn, nítorí pé àwọn kan ti ṣe tiwọn tán tí wọ́n ṣì ń wá ẹni tí wọn yóò lò ṣòfò. Yóò béèrè ẹni tí onítọ̀hún ti bá ṣe é rí, yóò sì kọ̀wé sí ẹni náà láti wádìí. Wọn yóò fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò ṣáájú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga kí wọ́n tó ṣe ti èkejì. Bámidélé kọ́ gbogbo èyí lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì yà á lẹ́nu. Ó ní àáró ni. Ní aba wọn, àáró ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ oko: àwọn àgbẹ̀ a kó ara wọn jọ, wọn a ro oko ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Àgbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ro tirẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ láti ayé bàbá bàbá wọn.

Ibà ló pa Moyọ̀sọ́rẹ. Ó wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà. Àìsàn náà kò pẹ́ rárá. Wọ́n gbé e láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó, ibẹ̀ ló dákẹ́ sí, wọ́n sì gbé e padà wá sí Ìsẹ̀ láti sin ín. Bàbá rẹ̀ kò sunkún lójú àwọn ènìyàn. Ó kàn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó tì í bóyá wọ́n ti jẹun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bámidélé lọ sí káfè Jeremiah. Kì í ṣe nítorí pé eré wù ú. Ó fẹ́ sọ fún àwọn tí àbúrò rẹ̀ ń bá ta pé ó ti kú, kí wọ́n má baà máa retí rẹ̀. Nígbà tó fi ọ̀rọ̀ àṣírí àbúrò rẹ̀ wọlé sínú eré náà, ó bá ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ fún Moyọ̀sọ́rẹ. Ẹni náà ti ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, Moyọ̀sọ́rẹ sì ti ṣèlérí pé òun yóò ṣe tirẹ̀ fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹni náà kò bínú. Ó kàn ń béèrè ìgbà tí yóò dé. Bámidélé ka ọ̀rọ̀ náà títí, kò kọ ohun tó torí rẹ̀ wá. Ó kọ ọ́ pé òun ti dé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó bá ẹni náà ta á dé òpin, ẹni náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́rẹ, ó sì lọ.

Nígbà tó délé, ó ròyìn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá Fálẹ́yẹ kò rí kọ̀ǹpútà sójú rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àáró. Ó ní ó dára tí kò jẹ́ kí ọmọ òun kú sórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá orúkọ ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Bámidélé ní ó wà. Bàbá náà ní ṣé àwọn ènìyàn ń rí i? Bámidélé ní wọ́n ń rí i, pé ẹni tó wà ní Íńdíà pàápàá lè ṣí i kó sì kà á. Bàbá náà mi orí.

Bí Bámidélé ṣe di ẹni tó ń ta káàdì ní orúkọ Moyọ̀sọ́rẹ nìyẹn. Kò ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, bó bá ti ta iṣu tán, yóò wọ káfè, yóò ṣe ohun tó bá yẹ láti mú kí orúkọ náà dúró, yóò sì padà sí aba. Bàbá rẹ̀ yóò sì béèrè. Kì í béèrè nípa ọjà kó tó béèrè nípa orúkọ náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ wọn wá kìlọ̀ fún bàbá náà pé ọmọ rẹ̀ ń ta káàdì, bàbá náà ní àáró lọmọ òun ń ṣe. Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní oko wo ni wọ́n wá ń ro nínú ẹ̀rọ? Bàbá Fálẹ́yẹ kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà tí Moyọ̀sọ́rẹ ń gbà ṣọ́ra ni Bámidélé náà ń tọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fi kún un láti ara rẹ̀, ohun náà ló sì kó o sí wàhálà. Bí òun àti àjèjì bá ti fi iṣẹ́ wọn han ara wọn tán, yóò béèrè ọjọ́ orí onítọ̀hún. Bí ó bá jù ú lọ, yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti onítọ̀hún.

Jeremiah ló kọ́kọ́ kíyè sí i. “Bọ̀dá àgbẹ̀,” ó ní, “ṣé ẹ fẹ́ fún un níyàwó ni, tí ẹ ń béèrè ọjọ́ orí?”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Bámidélé dá a lóhùn pé bí wọ́n bá ń fi ọmọdé ṣáájú àgbà nílé Jeremiah, wọn kì í ṣe é níbi tí òun ti wá. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé kò yẹ kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ní oko, o mọ àgbà náà, o mọ ilé rẹ̀, o sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí yóò mọ́ lọ́la kò ní gbé oko tìrẹ lọ. Níwájú kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tó dájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Síbẹ̀, ọdún kan kọjá tí nǹkan kan kò ṣe é. Ó bá oríṣiríṣi ènìyàn pàdé. Nínú wọn ni ọkùnrin kan wà tí orúkọ tó ń jẹ́ nínú eré náà jẹ mọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ó ní òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá Èbúté ni Bámidélé ń pè é. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti Bàbá Èbúté, gẹ́gẹ́ bí ìṣe Bámidélé. Bí wọ́n ti ṣe tirẹ̀ tán ni bàbá náà ṣe ti Moyọ̀sọ́rẹ padà, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó béèrè. Bámidélé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ní ìparí sáà tó tẹ̀ lé e, Bàbá Èbúté tún kọ̀wé pé òun ń wá ẹni tí àwọn yóò jọ ṣe é. Bámidélé ti bá obìnrin kan ṣe àdéhùn ní tirẹ̀, obìnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní Àdàbà, tí wọ́n ti fi iṣẹ́ wọn han ara wọn, tí wọ́n sì ti dá ọjọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà nínú káfè náà, Àtinúkẹ́, tí kò tíì rí ẹnì kankan. Ọmọ Emùré ni, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni, ẹ̀rù àjèjì sì ń bà á púpọ̀. Ó ti kó káàdì jọ láti ọjọ́ tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì fẹ́ kó orúkọ rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Sáà ti ń lọ sópin. Bámidélé sọ fún un nípa Bàbá Èbúté. Àtinúkẹ́ béèrè bóyá ó dá a lójú.

“Mo dúró fún un,” Bámidélé wí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lẹ́nu ọmọ aba. Jeremiah gbọ́ ọ, àwọn tó jókòó níbẹ̀ sì gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá Èbúté dé, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, Àtinúkẹ́ náà fi tirẹ̀ hàn. Àtinúkẹ́ wá ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti òun. Ó ní iná kò dúró ní Ìkẹ́rẹ́, pé bí wọ́n bá mú un lọ láàárín, òun ni yóò pàdánù. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Bámidélé ní kò dára kí àgbà dúró de ọmọdé, pé òun mọ bàbá náà, kò ní dalẹ̀. Àtinúkẹ́ ka Bámidélé náà sí àgbà, kò fẹ́ bá a jiyàn lójú àwọn ènìyàn. Ó gbà. Wọ́n ṣe ti Bàbá Èbúté dé òpin. Bàbá náà kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ó ní ó ku ti Àtinúkẹ́. Wọ́n mú iná lọ.

Jeremiah sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Ó fa okùn rẹ̀ títí, ó tú pílọ́ọ̀gì, ó nù ún, ó tún fà á. Nígbà tí iná fi padà, tí ẹ̀rọ sì fi jí, Bàbá Èbúté kò sí níbẹ̀ mọ́. Àtinúkẹ́ kọ̀wé sí i, Bámidélé náà kọ. Wọ́n dúró títí Jeremiah fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, kò sí èsì. Lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú, kò sí. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ní Ìkẹ́rẹ́ kò mọ ohun tó ṣe Bàbá Èbúté. Àwọn tó ń pè é ní olè ń sọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó rò pé Àtinúkẹ́ ló sá lọ. Ó lè jẹ́ àìsàn. Ohun tó dájú ni pé kò padà wá.

Àtinúkẹ́ ti lo ìrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo tó ní. Kò ní ohun tí yóò fi wá ẹlòmíràn mọ́. Bámidélé ṣì ní tirẹ̀, èyí tó ti ṣèlérí fún Àdàbà, tí Àdàbà yóò fi ti Moyọ̀sọ́rẹ san. Gbogbo ẹni tó wà nínú káfè ló lè ṣe ìṣirò náà, Àtinúkẹ́ sì ṣe é. Ó wá bá Bámidélé níbi tó jókòó sí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

“Bọ̀dá Délé, ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ kó ṣáájú.”

Bámidélé ní òun mọ̀.

“Ẹ ní ẹ dúró fún un.”

Ó ní òun mọ̀. Ó ní kó fún òun láyè, bóyá bàbá náà yóò yọjú. Àtinúkẹ́ ní sáà ń parí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní bí ó bá lọ sí káfè mìíràn, ní Adó, eré náà kò ní kà wọ́n sí ará ilé kan, ó lè ran òun lọ́wọ́ láti ibẹ̀. Bámidélé ní kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí orúkọ Moyọ̀sọ́rẹ? Àtinúkẹ́ wo ilẹ̀ kó tó dáhùn.

“Òkú lẹ ń ṣe tiyín fún. Èmi wà láàyè.”

Jeremiah ní kí Àtinúkẹ́ máa lọ sí kíláàsì rẹ̀. Bámidélé dìde, ó mú àpò iṣu rẹ̀ tó ti ṣófo, ó sì jáde.

Ó sọ fún àwọn tó sún mọ́ ọn lẹ́yìn náà pé òun bínú sí ọmọ náà láti Ìkẹ́rẹ́ dé aba, tí òun ń wá ẹ̀sùn tí òun yóò kà sí i lẹ́sẹ̀, tí òun kò rí. Bàbá rẹ̀ ń yí kòkó tó sá sójú oòrùn nígbà tó dé. Kó tó béèrè ohun tó máa ń béèrè, Bámidélé jókòó tì í, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ohun tí Àtinúkẹ́ wí, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó sọ pé bí òun bá ran ọmọ náà lọ́wọ́, orúkọ Moyọ̀ yóò lọ. Ó sọ pé bí òun bá ṣe ti Moyọ̀, ti ọmọ náà yóò lọ. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ń tẹ́ kòkó náà, ó ń ṣa èyí tó ti bàjẹ́ sọnù.

“Ta ló mú bàbá yẹn wá sínú àáró?” bàbá náà béèrè.

“Èmi ni, sà.”

“Tí ẹni tó o mú wá kò bá yọjú lọ́jọ́ uṣẹ́, kí ni a máa ń ṣe?”

Bámidélé mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mú àjèjì wọ àáró ni yóò gbé ọkọ́ lọ sí oko tí àjèjì náà kò lọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí tí àjèjì kò fi wá. Ṣùgbọ́n ó ní bàbá náà tàn wọ́n jẹ ni, pé kò yẹ kí Moyọ̀ jìyà rẹ̀.

“O ò mọ̀ bóyá ó tàn yín jẹ,” bàbá rẹ̀ wí. “Ó lè ti kú. Nígbà tí àbúrò rẹ kú, ìwọ lo lọ ṣe èyí tó jẹ ẹni yẹn. Tí òun náà bá ti kú, ta ló ní ńbẹ̀ tí yóò bá a ṣe tirẹ̀?”

Bámidélé ní, “Ẹ̀yin náà lẹ máa ń béèrè nípa orúkọ yẹn, sà.”

“Mo máa ń béèrè,” bàbá náà wí. Ó tún ní, “Má sùn ju bó ti yẹ lọ. Ọkọ̀ Adó máa ń tètè kún.”

Kí á má ṣe àṣìṣe lórí èyí: bàbá náà kò gba ọ̀rọ̀ náà bí ohun tó rọrùn. Ọmọ rẹ̀ rí i ní ìrọ̀lẹ́ yẹn tó kó kòkó tó ti gbẹ mọ́ èyí tó ṣì tutù, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, wọ́n sì jọ tún un ṣà.

Bámidélé wọ ọkọ̀ lọ sí Adó. Bó ṣe ń kọjá ní Ìkẹ́rẹ́, ó yà sọ́dọ̀ Jeremiah, ó ní kí ó bá òun sọ fún Àtinúkẹ́ pé kí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ní Ìkẹ́rẹ́, kó sì máa retí. Káfè tó wọ̀ ní Adó fẹ̀ ju ti Jeremiah lọ, kò sì mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kọ̀wé sí Àdàbà pé àdéhùn àwọn kò lè ṣẹ mọ́, kó tètè wá ẹlòmíràn. Àdàbà dáhùn pé ó dun òun, ṣùgbọ́n òun dúpẹ́ tó tètè sọ. Lẹ́yìn náà ló pe Àtinúkẹ́. Ní ti èyí, kò sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ta á dé òpin, iná kò lọ, iṣẹ́ Àtinúkẹ́ sì pé. Ọmọ náà kọ ọ́ sí i pé, “Ẹ ṣé, sà.” Ó tún kọ ọ́ pé, “Ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ.” Bámidélé kọ ọ́ padà pé òótọ́ ló sọ.

Kò kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí gbogbo orúkọ tí Moyọ̀sọ́rẹ ti bá ṣe àdéhùn rí, láti ìgbà tó wà láyé títí di ìgbà tí òun gba ipò rẹ̀, ó sì kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ọ́ fún wọn. Ó ní ẹni tó ni orúkọ yìí ti kú, ó ti lé lọ́dún kan, òun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a di í mú. Ó ní òun kò ní ohun tí òun lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́ ní sáà yìí. Ó ní bí ẹnì kan bá ṣì ní ìrànlọ́wọ́ tí kò tíì lò, òun bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n dáhùn. Ẹni tí Bámidélé kọ́kọ́ san iṣẹ́ fún lẹ́yìn ìsìnkú ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹni tí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti kú, pé òun ì bá má ti béèrè. Òmíràn ní Moyọ̀sọ́rẹ ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ han ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà tan òun jẹ. Òmíràn kàn béèrè ohun tó pa á. Gbogbo wọn ló bá a kẹ́dùn, gbogbo wọn ló sì ti lo tiwọn tán. Òpin sáà ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó dé ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó lọ sọ́dọ̀ Jeremiah, ó sì ṣí ojú ìwé tí orúkọ wà. Ti Àtinúkẹ́ wà níbẹ̀. Ti Moyọ̀sọ́rẹ kò sí. Ó gbìyànjú láti wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí náà, ẹ̀rọ ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Jeremiah dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ fún un pé láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá àjèjì ṣe pàṣípààrọ̀ nínú káfè òun, ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe, bí onítọ̀hún bá tilẹ̀ jẹ́ ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí iná tiwọn. Bámidélé ní ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ó dé aba lọ́sàn-án. Bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń to iṣu sí, ó ń di ìtàkùn mọ́ igi. Bámidélé gba ìtàkùn kan lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí di í.

“Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, sà.”

Bàbá rẹ̀ di èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. “Ti ọmọ Emùré ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.”

Bàbá náà jókòó lórí àpótí. Ó béèrè ohun tó wà níbi tí orúkọ náà wà tẹ́lẹ̀. Bámidélé ní kò sí àlàfo, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti sún sókè. Bàbá náà ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò sì fi omijé náà pa mọ́ bó ti ṣe níbi ìsìnkú.

Nígbà tó ṣe, ó béèrè ohun kan tí kò béèrè rí. “Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?”

“Wọn ò mọ̀ mí, sà. Moyọ̀sọ́rẹ ni gbogbo wọn ń pè mí.”

“Ọjọ́ tó o lọ Adó náà?”

“Ọjọ́ yẹn náà. Orúkọ rẹ̀ ló hàn sí ọmọ náà nígbà tí mo pè é.”

Bàbá Fálẹ́yẹ dìde lórí àpótí.

“Á jẹ́ pé Moyọ̀ ló ràn án lọ́wọ́,” ó wí. Ó na ọwọ́ gba ìtàkùn mìíràn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.